Ibi Tí Jíìpù Tuntun Ti Ń Mu Omi

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí jíìpù tuntun Tàófíìk ṣe ń rìn kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n, nítorí pé láti ọjọ́ tí mọ́tò náà ti wọ àdúgbò wọn ní Igbó-Ọrà, ọ̀rọ̀ mìíràn kò jáde lẹ́nu ọkùnrin yìí mọ́. Á ní kì í pariwo. Á ní béèyàn bá ti gbé gíláàsì rẹ̀ sókè báyìí, ariwo ọ̀kadà gbogbo ìgboro á dákẹ́, ẹ́sì inú rẹ̀ á sì máa fẹ́ atẹ́gùn tútù yẹ́ẹ́. Á ní kòtò iwájú ọjà, èyí tó ti ba ẹsẹ̀ mọ́tò mélòó kan jẹ́, jíìpù òun kàn ń mì lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni, bí ìyá tó ń rẹ ọmọ lẹ́yìn kó lè sùn. Sítíárì rẹ̀ fúyẹ́, ìka kan péré lèèyàn lè fi yí i. Kámẹ́rà wà nídìí rẹ̀. Bí ewúrẹ́ bá dùbúlẹ̀ sẹ́yìn táyà, mọ́tò á ti ké kí ẹni tó ń wà á tó mọ̀. Ká má parọ́, ó tọ́ sí i kó fọ́nnu. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń gba ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Tápà àti Lanlate, orí ọ̀kadà ló sì ti ń ṣe é, nínú òjò àti nínú oòrùn. Mọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò rí, tí ọ̀rá ṣì wà lára àga rẹ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́ ní àdúgbò wọn.

Àmínà ìyá rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màmá Tàófíìk, á jókòó ti ògiri, á máa gbọ́. Inú òun náà dùn. Àmọ́ láti bí ọjọ́ mélòó kan, nígbàkigbà tí ọmọ rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mọ́tò, àyà ìyá yìí á já. Ohun kan wà tó ṣe sí mọ́tò náà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Inú ire ló sì fi ṣe é.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n gbé mọ́tò náà dé. Ẹni tó wà á wá láti Ìbàdàn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn èèyàn lè wo ẹ́ńjìnnì, àdúgbò sì rọ́ dé, tọmọdé tàgbà. Ibẹ̀ ni Làtíífàt, ìyàwó Tàófíìk, ti fa ìyá ọkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Olùkọ́ ni Làtíífàt, ní Lanlate ló ti ń kọ́ni, ó sì wà lára àwọn mùsùlùmí tí wọn kò gba gbẹ̀rẹ́ tàbí tírà rárá.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo ń tètè sọ ọ́," ló wí, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Kí ẹnikẹ́ni má fi nǹkan kan sí mọ́tò yìí o. Mi ò fẹ́ tírà, mi ò fẹ́ hàǹtú. Bísímílláhì ti tó."

"Ta ló fẹ́ fi nǹkan sí i?" ni Màmá dá a lóhùn, ojú rẹ̀ ò tiẹ̀ ṣẹ́.

Hàǹtú náà kúkú ti wà nínú ìgò kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Àáfà kan ní Ìdèrè ló kọ ọ̀rọ̀ Kùránì sí wàláà fún un, tó fi omi fọ̀ ọ́, tó sì da omi náà sígò. Búrẹ́mọ̀ ọkọ rẹ̀, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wa tasín láti Igbó-Ọrà sí Ìbàdàn. Mọ́tò mẹ́rin ló lò, gbogbo wọn ló sì mu hàǹtú láti ẹnu rédíétọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọlé. Màmá fúnra rẹ̀ ló ń bu omi sí rédíétọ̀ láràárọ̀ bí ọkọ rẹ̀ bá ń kírun Àsùbá lọ́wọ́. Iṣẹ́ ìyàwó awakọ̀ nìyẹn láyé ìgbà náà. Mọ́tò á mu omi tirẹ̀ kí wọ́n tó gbé omi ìwẹ̀ ọkọ kaná. Búrẹ́mọ̀ kò forí sọ igi rí, kò pa ajá ẹnikẹ́ni rí, orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló kú sí. Ta ló máa wá sọ fún ìyá yìí pé omi yẹn ò ṣiṣẹ́?

Síbẹ̀, ó ní ohun tó ń bẹ̀rù. Làtíífàt bí ìbejì, Táyé àti Kẹ́hìndé, ọmọbìnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Inú yàrá ìyá àgbà ni wọ́n ń sùn láti ìgbà tí wọ́n ti já wọn lẹ́nu ọmú. Òun ló ń wẹ̀ fún wọn, òun ló ń dirun fún wọn, òun ni wọ́n ń sá bá bí ìyá wọn bá bínú. Lọ́dún tó kọjá tí èéyi mú Kẹ́hìndé, ó so tírà kékeré kan mọ́ ọn nídìí, Làtíífàt sì rí i. Kò pariwo. Ó tú u, ó sì sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ pé bí òun bá tún rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nítòsí àwọn ọmọ òun, ọ̀dọ̀ ìyá òun ní Ṣakí ni wọn yóò máa gbé. Làtíífàt kì í sọ̀rọ̀ tí kò ní ṣe. Bí àwọn ọmọ náà bá sì fi ọjọ́ méjì péré kúrò nílé, Màmá Tàófíìk kì í lè jẹun dáadáa.

Bí gbogbo ilé ṣe lọ kírun Jímọ̀ lọ́jọ́ tí mọ́tò dé, ó ní orúnkún ń dun òun, ó wá ku òun àti mọ́tò. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣì wà ní ṣíṣí, ó sì gbé ìgò rẹ̀ jáde. Ó wá ìdérí rédíétọ̀ títí, kò rí i, nítorí pé ike dúdú ni wọ́n fi bo ẹ́ńjìnnì náà látòkè délẹ̀. Nígbà tó yá, ó rí ike funfun kékeré kan ní igun, ìdérí rẹ̀ pọ́n bí èso ìyeyè, wọ́n sì kọ òyìnbó sí i lórí. Màmá ò kàwé òyìnbó. Ó rò pé orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ni. Ó yí i, ó ṣí. Omi inú rẹ̀ ní àwọ̀ díẹ̀, kò sì kún dé ẹnu.

"Òùngbẹ ti ń gbẹ ọ́ láti Ìbàdàn, àbí?" ló wí fún mọ́tò.

Ó ṣe bísímílláhì, ó dárúkọ ọmọ rẹ̀, ó dárúkọ ìyàwó ọmọ rẹ̀ àti àwọn ìbejì, ó sì rọra da hàǹtú sí i títí tó fi kún, tó ṣàn dà sí ẹ̀gbẹ́. Ó fi etí ìró nù ún. Ó ń yọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, bí òróró, ṣùgbọ́n kò kà á sí. Ó dé e padà, ó wọlé lọ jókòó, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ dùn. Tàófíìk ṣì ń gun ọ̀kadà lọ sídìí ẹ̀gẹ́, Làtíífàt ló sì ń wa jíìpù láàárọ̀; á kó àwọn ìbejì sẹ́yìn, á gba ọ̀nà Eruwa lọ sí Lanlate, torí pé ilé-ìwé tó ti ń kọ́ni náà ni wọ́n ń lọ. Làtíífàt, tí kì í tètè yin nǹkan, sọ pé òun ò mọ̀ pé ọ̀nà Eruwa lè rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní bí òun bá tẹ iná mọ́ ọn láti gun òkè, kì í kùn, kì í mí gúlegúle bíi tasín tí òun ń wọ̀ tẹ́lẹ̀; á kàn gbéra ni. Àwọn ìbejì ti máa ń sùn kí wọ́n tó jáde nílùú. Ẹ̀yìn kì í dùn ún mọ́ tó bá dé. Màmá ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àáfà Ìdèrè nínú ọkàn rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Tàófíìk ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú láti nu ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó sì lọgun. Ọ̀dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike funfun yẹn ti wú, ó ti ń bó, bí ara tí omi gbígbóná dà sí. Ó bú àwọn tó tà á fún un, ó bú ẹni tó kùn ún, ó bú baba ẹni tó kùn ún. "Mọ́tò tuntun! Oṣù kan ò tíì pé, ọ̀dà ẹ̀ ń bó!" Màmá ń ṣa ẹ̀wà nígbà náà, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Ó mọ ibẹ̀. Ibi tí ó ti fi etí ìró nu omi gan-an ni. Hàǹtú tí wọ́n fi ń bọ́jú ọmọ jòjòló, kí ló máa wá fi bó ọ̀dà mọ́tò? Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó sì padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Làtíífàt ti Lanlate dé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi sọ̀rọ̀.

"Bàbá Ìbejì, bíréèkì mọ́tò yìí ò tẹ́ mi lọ́rùn."

"Kí ló ṣe é?"

"Láàárọ̀, tí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè tó já sí Eruwa, tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ tó ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta, ó máa ń rọ̀. Ó máa ń wọlé jù. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí mo ń tẹ tìmùtìmù."

Tàófíìk gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó fi eré wa mọ́tò náà dé iwájú mọ́sálásí, ó tẹ bíréèkì, mọ́tò dúró gbọn-in. Ó yí padà, ó tún tẹ̀ ẹ́ níwájú ilé, eruku sọ, àwọn adìẹ sá. Ó jáde pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Ẹsẹ̀ ẹ ni. Ẹsẹ̀ ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n. Mọ́tò yìí ò fẹ́ kéèyàn máa fipá tẹ̀ ẹ́."

"Ẹsẹ̀ mi kọ́," ni Làtíífàt wí, ó sì wọlé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́rú, ó burú sí i. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lòun tẹ̀ ẹ́ kó tó gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò náà bá ti délé, tí ara rẹ̀ ti tutù, á tún gún régé bí ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé. Tàófíìk á tẹ̀ ẹ́, á dúró. Á wo ìyàwó rẹ̀, á mi orí. Làtíífàt pàápàá ti ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù ba Màmá: nǹkan tó ń ṣe dáadáa lójú ọkọ, tó wá ń ṣe ìkà bí ó bá ku ìyàwó àti ọmọ nìkan nínú rẹ̀. Kò ì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọwọ́ òun wà níbẹ̀.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Tàófíìk ti lọ sí Tápà láti lọ kó ẹ̀gẹ́, ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kó tó dé. Bí wọ́n ṣe kírun Àsárì tán, Màmá da ìborùn borí, ó gba ọ̀dọ̀ Malachi lọ. Malachi ló ń tún mọ́tò Búrẹ́mọ̀ ṣe láyé ọjọ́un. Òun náà ti dàgbà, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣì wà lẹ́bàá gáréèjì.

"Malachi, mọ́tò ìgbàlódé wọ̀nyí, níbo ni wọ́n ti ń mu omi?"

Malachi rẹ́rìn-ín. "Màmá Tàófíìk, ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa ni? Wọn kì í mu omi lásán mọ́. Omi kan báyìí tó pupa la ń rà fún wọn, inú ike ńlá ló wà."

"Èyí tó kéré ńkọ́? Tí ìdérí ẹ̀ pọ́n bí ìyeyè?"

"Èyí un? Òróró bíréèkì ló wà níbẹ̀, bó bá dà sí ọ̀dà, ọ̀dà á bó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án o. Ẹ̀kán omi kan ò gbọ́dọ̀ wọbẹ̀."

"Bí omi bá wá wọbẹ̀ ńkọ́?"

Malachi gbé sípánà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Á kọ́kọ́ máa tan èèyàn. Tí ara mọ́tò bá tutù, kò sóhun tó máa ṣe é, ẹ lè fi ọjọ́ púpọ̀ wà á. Ṣùgbọ́n béèyàn bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè, tó ń tẹ bíréèkì ṣáá, ibẹ̀ á gbóná, omi yẹn á hó, á di afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ ò lè dá mọ́tò dúró, Màmá. Èèyàn á tẹ̀ ẹ́ kan ilẹ̀, mọ́tò á sì máa lọ." Ó wo ojú rẹ̀. "Mọ́tò ta ni?"

"Mo kàn ń béèrè ni."

Ó dé ojú títì. Ọ̀kadà méjì dúró láti gbé e, ó ju ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n máa lọ. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó pe Tàófíìk. Ariwo àwọn alágbàṣe ló kọ́kọ́ gbọ́, kó tó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀.

"Màámi, ṣé kò sí o? Wọ́n ń di pákí sọ́kọ̀ níbí, mi ò gbọ́ yín dáadáa. Ṣé ọ̀rọ̀ ọ̀hún le ni?"

"Rárá," ló wí. "Kò le. Tó o bá dé."

Kò le! Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ó ti pa fóònù tán kó tó gbọ́ ohun tó sọ.

Nígbà tó délé, Làtíífàt ti dé ṣáájú rẹ̀. Ó ti ra oògùn orúnkún fún un ní Eruwa, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì ṣàlàyé bí yóò ṣe máa lò ó. Wọ́n jọ jẹun. Màmá la ẹnu láti sọ ọ́, Kẹ́hìndé gun itan rẹ̀, ó sì pa ẹnu dé. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ ti sùn, Làtíífàt nìkan ló jókòó, tó ń tún ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò. Kò sí ohun tó dí Màmá lọ́wọ́ àtisọ ọ́ rárá. Ó kàn ń rí Ṣakí lójú rẹ̀ ni. Ó ń rí yàrá rẹ̀ láìsí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ bí kò ṣe òun. Ó ní lọ́la, kí wọ́n tó jáde, òun á sọ ọ́ pátápátá.

Ilẹ̀ mọ́. Ó wẹ̀ fún àwọn ìbejì, ó wọ aṣọ ilé-ìwé fún wọn, ó fa ìbọ̀sẹ̀ Táyé sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Làtíífàt ti ń kó ẹrù sí mọ́tò.

"Ìyá Ìbejì, má gbé mọ́tò yìí jáde lónìí."

"Nítorí kí ni, Màámi?"

"Mo lálàá."

Làtíífàt rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Màámi, ìdánwò la fẹ́ ṣe lónìí. Mo ti pẹ́."

"Ẹ gun ọ̀kadà."

"Èmi, ìbejì, àti gbogbo ìwé wọ̀nyí lórí ọ̀kadà? Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, tó bá jẹ́ ti àlá ni, ẹ bá wa ṣàdúrà sí i, Ọlọ́run á ṣọ́ wa."

Ó yẹ kó sọ ọ́ níbẹ̀. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, inú ń bí mi sí i níbẹ̀ títí dòní. Gbólóhùn kan péré ni, mọ́tò sì wà níwájú ilé, ara rẹ̀ tutù, ẹsẹ̀ gbogbo wọn wà nílẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ní, "Èmi náà ń bá yín lọ. Mo fẹ́ lọ kí àbúrò mi ní Lanlate." Ó gbé àwọn ìbejì sẹ́yìn, ó fi bẹ́líìtì dè wọ́n, ó sì lọ jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Làtíífàt. Ó ní lójú ọ̀nà, òun á sọ ọ́.

Mọ́tò gbéra. Tàófíìk ò parọ́, kò sí ariwo kankan. Bí wọ́n ṣe ti ilẹ̀kùn, ariwo ìlú dákẹ́, ẹ́sì ń fẹ́ sí i lójú, àga gbà á dáadáa dé ibi ìbàdí tó máa ń dùn ún. Mọ́tò Búrẹ́mọ̀ máa ń pariwo ni. Bí nǹkan bá ń ṣe é, á ké, á rùn, á gbọ̀n, gbogbo èrò inú rẹ̀ ló máa mọ̀. Èyí ò sọ nǹkan kan. Ó ń yọ̀ lọ lórí títì, àwòrán òpópónà ń tàn nínú gíláàsì kékeré níwájú wọn, àwọn iná kéékèèké rẹ̀ funfun, gbogbo wọn ń sọ pé kò sí ewu. Ìbẹ̀rù wá di ohun tí òun nìkan ń gbé. Oko ẹ̀gẹ́ ń kọjá, oko àgbàdo ń kọjá. Lẹ́yìn, àwọn ìbejì ń kọ orin tí wọ́n kọ́ ní ilé-ìwé, wọ́n sì ń jà lórí ẹni tó ṣì í kọ.

Ó wo ẹsẹ̀ Làtíífàt. Bí wọ́n bá dé kòtò, ẹsẹ̀ náà á lọ síbi bíréèkì, mọ́tò á rọra dúró, Làtíífàt á mí. Ó dára, ni Màmá ń sọ nínú ara rẹ̀. Ó ṣì dára. Bóyá Malachi ò mọ mọ́tò tuntun. Bóyá hàǹtú kì í ṣe omi lásán. Ó ní nígbà tí àwọn bá dé ibi igi ńlá yẹn, òun á sọ ọ́. Wọ́n dé ibi igi náà, wọ́n kọjá rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ òkè ni wọ́n bá ọkọ̀ akẹ́rù kan níwájú, ẹ̀gẹ́ kún inú rẹ̀ dé òkè, ó ń wọ́ bí arúgbó. Kò sí àyè láti yà á, nítorí pé àwọn ọlọ́kadà ń gòkè bọ̀. Làtíífàt tẹ bíréèkì. Ó fi ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Màmá ń kà á. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀keje, ó rí i pé ẹsẹ̀ náà ń wọlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ìyá Ìbejì, dúró."

"Ṣé ẹ fẹ́ tọ̀ ni, Màámi? Ibi tó tẹ́jú wà nísàlẹ̀, ó ku díẹ̀."

"Dúró níbí!"

"Màámi, mi ò lè dúró sórí òkè, mọ́tò wà lẹ́yìn wa."

"Mo da hàǹtú síbi bíréèkì," ni Màmá wí. Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kò tiẹ̀ le rárá. "Lọ́jọ́ tí mọ́tò dé. Mo rò pé ibẹ̀ ló ti ń mu omi. Malachi ní bó bá gbóná, kò ní mú mọ́."

Làtíífàt ò yíjú. Ó tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ tààrà, ó kan ilẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó kan ilẹ̀. Ìdí ọkọ̀ akẹ́rù náà ń tóbi sí i níwájú wọn, èèyàn ti ń rí erùpẹ̀ lára ẹ̀gẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mọ́tò náà, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké kíkan kíkan, iná pupa ń ṣẹ́jú níwájú Làtíífàt. Orin dákẹ́ lẹ́yìn.

"Jíà!" Màmá kígbe. Ohùn Búrẹ́mọ̀ ló jáde lẹ́nu rẹ̀. "Fi jíà gbà á! Jíà kékeré!"

Làtíífàt fa ọ̀pá jíà sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, gbogbo wọn tẹ̀ síwájú nínú bẹ́líìtì, eré mọ́tò sì dín kù, ṣùgbọ́n kò dín kù tó. Ó gé sítíárì sí ọ̀tún, wọ́n kúrò lórí ọ̀dà, wọ́n wọ òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n wọ koríko, wọ́n já sínú oko ẹ̀gẹ́ kan. Ebè ń lu abẹ́ mọ́tò, ó ń gbé wọn sókè, ó ń sọ wọ́n sílẹ̀, igi ẹ̀gẹ́ ń ṣẹ́ lára rẹ̀, títí tó fi rì sáàárín ebè méjì, tó dúró. Ewé bo gíláàsì iwájú. Ẹ́sì ṣì ń fẹ́.

"Ṣé a ti dé?" ni Kẹ́hìndé béèrè. Táyé bú sẹ́kún.

Làtíífàt ti bọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mí. Ó gbé wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fọwọ́ kan orí wọn, ó fọwọ́ kan àyà wọn, ó tẹ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn wò, ó ń sọ Àlùhámdùlíláì láìdánudúró. Ẹnikẹ́ni ò fara pa. Ọlọ́kadà kan ti sá wá láti ojú títì, ó ń pariwo pé orí ló yọ wọ́n. Màmá sọ̀kalẹ̀, ó fi ọwọ́ di ara mọ́tò mú, ó sì kúnlẹ̀ sínú ebè níwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Ẹ dìde, Màámi. Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi." Làtíífàt fà á dìde. "Omi yẹn, ẹ ò mọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀. Ire lẹ rò pé ẹ ń ṣe."

Ara tu Màmá lójijì, omijé sì dà lójú rẹ̀. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àdúrà fún un.

"Ìgbà wo ni Malachi sọ fún yín?"

Àdúrà náà dúró sí i lẹ́nu. Ó lè parọ́. Kò parọ́. "Lánàá. Lẹ́yìn Àsárì."

"Lánàá," ni Làtíífàt wí. Ó ń rò ó. "A jọ jẹun lánàá. Ẹ wẹ̀ fún wọn láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yin lẹ fi bẹ́líìtì dè wọ́n."

"Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé wàá kó wọn lọ sí Ṣakí."

Làtíífàt yí padà. Ó lọ kó àwọn ìwé ìdánwò jáde nínú mọ́tò, ó gbé wọn fún ọlọ́kadà náà kó bá òun mú wọn dé ilé-ìwé ní Lanlate, ó sì di ọwọ́ Táyé mú láti bá a sọdá sí òdìkejì títì, níbi tí wọ́n ti lè rí ọkọ̀ tó ń padà sí Igbó-Ọrà. Kẹ́hìndé, bí ìṣe rẹ̀, sá wá sọ́dọ̀ ìyá àgbà kí òun náà lè dì í lọ́wọ́ mú. Màmá Tàófíìk na ọwọ́ sí i.

"Kẹ́hìndé," ni Làtíífàt wí, "wá síbí."

Ọmọ náà dúró sáàárín àwọn méjèèjì. "Màmá àgbà ńkọ́?"

"Wá síbí."

Ó wo ìyá àgbà, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì lọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọdá títì. Màmá Tàófíìk ṣì na ọwọ́ náà síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kó tó rántí pé kò sí ẹni tó ń bọ̀ wá dì í mú.